Orin Abọ́ Kejì

Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni rédíò ti ń gbé orin Nabilah kiri Kofar Doya ní Sokoto kí Ìyá Kàmál tó wá bá a ní ṣọ́ọ̀bù. Ọ̀sán ọjọ́ Ajé ni. Nabilah tẹ orí ba máṣíìnì, ó ń rán ọrùn bùbá kan, nígbà tí òjìji èèyàn bo aṣọ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbójú sókè. Obìnrin náà dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó fi ọwọ́ kan di ara ìlẹ̀kùn mú.

"Ẹ káàsán, Mà," Nabilah wí, ó ti wà lórí ìkúnlẹ̀. "Ẹ wọlé, ẹ wá jókòó."

"Mi ò wá jókòó. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo fẹ́ bi ọ́." Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ débi pé ariwo àwọn onímárúwá lóde fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé e mì. "Ta ló sọ fún ọ pé ọmọ mi ti kú?"

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ ẹni tí wọ́n bi ní ìbéèrè yìí. Ọmọ Ìlọrin ni Nabilah, ṣùgbọ́n Sokoto ni wọ́n bí i sí. Bàbá rẹ̀, tó ti dolóògbé, ló kúrò ní Pákátà wá ta fìlà níbẹ̀ nígbà ọ̀dọ́ rẹ̀, tí kò sì padà sílé mọ́ àfi bí ọdún Iléyá bá dé. Nabilah ti lé lọ́mọ ọgbọ̀n ọdún. Kò tíì lọ́kọ, ó sì ti sú u láti máa ṣàlàyé ìdí rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Iṣẹ́ télọ̀ ló fi ń jẹun, ṣùgbọ́n orin ló gba ọkàn rẹ̀. Bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í wa máṣíìnì, bẹ́ẹ̀ ni ẹnu rẹ̀ á máa wá ọ̀rọ̀ tí yóò bá ìró máṣíìnì náà lọ.

Ẹnì kejì rẹ̀ nínú orin ni Binta, ọmọ Hausa tí wọ́n jọ dàgbà nínú ilé kan náà ní Gagi. Binta á bu omi sínú ọpọ́n ńlá, á da igbá dé ojú omi náà, á sì máa fi igi tín-ín-rín lù ú bí àwọn obìnrin ilé wọn ti máa ń ṣe níbi ìgbéyàwó. Ìró rẹ̀ a máa rinlẹ̀ bíi pé inú kànga ló ti ń jáde. Ọdún mẹ́jọ ni àwọn méjèèjì ti ń kọrin báyìí níbi ìsọmọlórúkọ àti níbi ìpàdé àwọn ará Kwara. Àwọn èèyàn á jẹun, wọ́n á pàtẹ́wọ́ díẹ̀, kí ilẹ̀ tó ṣú wọ́n á ti gbàgbé wọn. Kò sí ilé-iṣẹ́ tó ń gbé orin jáde tó gbà wọ́n síṣẹ́, kò sì sí alágbàtà.

Ìyá Kàmál ní tirẹ̀ jẹ́ ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń ta abọ́ tánganran ní Kofar Rini. Oníbàárà Nabilah ni. Ọmọ kan ṣoṣo ló bí, Kamaldeen, wẹ́dà. Ọdún kẹfà rèé tí Kàmál gba Illela wọ ilẹ̀ Niger, tó ní Libya ni òun ń lọ. Ó pe ìyá rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan láti Agadez. Láti ọjọ́ náà, kò sí ohùn, kò sí ìró.

Ọjọ́ kan ni Nabilah ń fi téèpù wọn ìyá náà, tó sì rí i pé ìbàdí rẹ̀ ti fi ìka mẹ́rin dín sí ti tẹ́lẹ̀. Ó bi í bóyá ara rẹ̀ kò yá ni. Ìyá Kàmál ní ara òun yá, oúnjẹ ni kì í wọ òun lọ́nà ọ̀fun mọ́. Ó wá sọ fún un pé abọ́ méjì ni òun ń bù lálaalẹ́, ọ̀kan fún òun, ọ̀kan fún Kàmál, àti pé bí ilẹ̀ bá mọ́, òun á gbé abọ́ kejì fún ẹni tó bá kọ́kọ́ ṣagbe dé ẹnu ọ̀nà. Kò sọ ọ́ bí àṣírí. Ó sọ ọ́ bí obìnrin ti í bá télọ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀, tí ọwọ́ méjèèjì wà lókè, tí téèpù wà lára.

Láàárín ọjọ́ méjì, ọ̀rọ̀ náà di orin lẹ́nu Nabilah.

*Ìyá kan ń bẹ ní Kofar Rini,*
*abọ́ méjì ló ń bù lálaalẹ́:*
*ọ̀kan fún ẹnu tó wà nílé,*
*ọ̀kan fún ẹnu tó lọ.*
*Sai yaushe, ọmọ mi, sai yaushe?*

*Sai yaushe*, ìyẹn "títí di ìgbà wo", ni Binta fi ṣe ègbè. Ṣùgbọ́n orin náà kò ní ìparí. Nabilah wá a títí. Ìgbà tó ń gé aṣọ lọ́wọ́ ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan ni ẹsẹ̀ tó kẹ́yìn já wọ orí rẹ̀, ó sì dùn mọ́ ọn tó bẹ́ẹ̀ tó fi ju sísọ́ọ̀sì sílẹ̀ wá bírò:

*Ẹ gbé abọ́ kejì kúrò nílẹ̀, Ìyá,*
*yanrìn ti bo ẹni tó ni ín;*
*ẹni tí aginjù gbà lálejò*
*kì í padà wá jẹun alẹ́.*

Rídwàn, agùnbánirọ̀ kan tó ń kọ́ni nílé-ẹ̀kọ́ girama ní Gagi, ló gbà á sórí fóònù. Ṣòkòtò ló wá rán. Gbogbo agùnbánirọ̀ tó bá wá rán ṣòkòtò ní ìlú Sokoto ló máa ń pa òwe ohun tí à ń wá lọ sí Sokoto tó wà nínú àpò ṣòkòtò fún Nabilah, bíi pé òun ló kọ́kọ́ ronú kàn án, Rídwàn náà sì ti pa á tán kó tó gbọ́ tí Nabilah ń kọrin. Ó ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un kọ." Ó gbé e sórí ẹ̀rọ ayélujára lọ́jọ́ náà gan-an. Àwọn agùnbánirọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ ń fi ránṣẹ́ síra wọn, ó dé Ìlọrin, ó dé Ìbàdàn, ó padà wá sí rédíò Sokoto. Àwọn tí kò gbọ́ Yorùbá rárá ń kọ *sai yaushe* lẹ́yìn rẹ̀ lójú títì. Ọ̀gbẹ́ni Ṣèyífúnmi, tó máa ń ṣètò àjọ̀dún àwọn akọrin ní Abuja, pe Nabilah fúnra rẹ̀, ó ní kó wá kọ ọ́ ní gbọ̀ngàn ńlá. Ohun tí ọdún mẹ́jọ kò ṣe, oṣù kan ṣe é.

Inú ayọ̀ yìí ló wà tí Ìyá Kàmál fi dúró sẹ́nu ọ̀nà.

Ohun tó kọ́kọ́ wá sí Nabilah lọ́kàn ni pé ìjà dé. Ìgbà tó rí bí obìnrin náà ti ń wo ẹnu òun, ló yé e pé kò wá jà. Ìròyìn ló wá gbọ́. Ó rò pé ẹnìkan ti gba aginjù dé, tó sì ti bá Nabilah sọ ohun tó rí.

"Kò sẹ́ni tó sọ fún mi, Mà."

"Kò sẹ́ni tó sọ fún ọ."

"Kò sí, Mà."

"Níbo lo wá ti rí i?"

Nabilah wá irọ́ tì. "Orin náà ni ... ó ń fẹ́ ìparí ni, Mà."

"Ó ń fẹ́ ìparí," Ìyá Kàmál wí, bí ẹni tó ń tọ́ ọ̀rọ̀ náà wò lẹ́nu. Lẹ́yìn náà ló sọ ohun tó ti ń ṣẹlẹ̀ láti ọjọ́ Jímọ̀. Àwọn aládùúgbò ti ń wá kí i kú ara fẹ́ra kù. Ádámù tó ń ta sìmẹ́ńtì gbé ṣúgà wá, ó ṣe àdúà fún òkú. "Èyí tó dùn mí jù ni pé Màmá ni wọ́n ń pè mí báyìí. Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni wọ́n ti ń pè mí ní Ìyá Kàmál. Wọn ò fẹ́ dárúkọ ọmọ mi lójú mi mọ́, kí n má bàa sunkún."

"Ẹ dárí jì mí, Mà. Mi ò ní kọ ẹsẹ̀ náà mọ́. Mo ṣe ìlérí fún yín."

Ìyá Kàmál fi ìlẹ̀kùn sílẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ọjọ́ méjìlá lẹ́yìn náà, wọ́n pe Nabilah àti Binta sí àgọ́ àwọn agùnbánirọ̀. Àwọn ọ̀dọ́ tó lé ní ẹgbẹ̀rún kan jókòó sórí pápá nínú oòrùn ìrọ̀lẹ́, aṣọ funfun lára wọn. Nabilah kọ orin mẹ́ta, wọ́n gbọ́ ọ bí ẹni gbọ́ àlàyé ọ̀nà. Nígbà tó mú "Abọ́ Kejì" sẹ́nu, gbogbo pápá dìde. Ó kọ ọ́ dé ibi ègbè, ó dúró níbẹ̀, ó tẹríba láti kí wọn pé ó dìgbà. Wọn kò gbà. Wọ́n ń ké pé kó parí rẹ̀. Ariwo náà wá bí òjò tó ń ti òkèèrè bọ̀, ó bá Nabilah lára mu. Kò tíì sẹ́ni tó ké pe orúkọ rẹ̀ báyẹn rí. Ó la ẹnu, ó sì kọ ọ́: ẹ gbé abọ́ kejì kúrò nílẹ̀, Ìyá.

Ní ìlà kejì, ó gbọ́ pé igbá ti dákẹ́. Ó wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Binta ti gbé igi rẹ̀ sí etí ọpọ́n, ó káwọ́ lé ẹsẹ̀, ó ń wo omi. Nabilah dá ẹsẹ̀ náà kọ parí, pápá sì bú sí ìpàtẹ́wọ́.

Márúwá tó gbé wọn padà ti dé ìtòsí Kofar Rini nígbà tí Binta yíjú sí i.

"Kin yi alƙawari," ló wí. O ṣe ìlérí.

"Èrò yẹn pọ̀, Binta. O rí wọn. Kí ni kí n ṣe?"

"Èrò pọ̀. Ìyá Kàmál jẹ́ ẹyọ kan." Èdè Hausa ni wọ́n ń sọ, Binta kò sì gbé ohùn sókè. "Mi ò tún ní lu igbá mi láti fi sin ẹni tí a kò rí òkú rẹ̀. Bí o bá fẹ́ kọ ọ́ ní Abuja, wá ẹlòmíràn."

Ilẹ̀ mọ́, Nabilah kò ṣí ṣọ́ọ̀bù. Ẹsẹ̀ ló fi rìn lọ sí Kofar Rini, torí kò fẹ́ tètè débẹ̀. Ní gbogbo ọ̀nà ló ń to ọ̀rọ̀ tí yóò sọ, tó sì ń tú u palẹ̀. Ìyá Kàmál ń to abọ́ síra nígbà tó dé. Nabilah kúnlẹ̀ sínú yanrìn níwájú ìsọ̀ náà.

"Mo tún kọ ọ́, Mà. Lánàá, ní àgọ́ àwọn agùnbánirọ̀."

"Mo ti gbọ́. Ẹnìkan ti fi hàn mí nínú fóònù kí n tó kírun àárọ̀." Ó gbé abọ́ kan lé òmíràn. Ó gbé ẹ̀kẹta. Ìró wọn ń dún gbọn-in gbọn-in létí Nabilah. "Ṣé o lè dá a dúró? Èyí tó wà nínú fóònù àwọn èèyàn?"

"Mi ò lè dá a dúró mọ́, Mà."

"Mo rò bẹ́ẹ̀." Ó fi aṣọ nu ọwọ́. "Dìde, ilẹ̀ gbóná. Fetí sí mi. O ti gbé ọmọ mi síta, kò sí bó ṣe lè wọlé mọ́. Ṣùgbọ́n o gbé e síta láìlórúkọ. *Ìyá kan. Ẹnu tó lọ.* Ta ni yóò gbọ́ ìyẹn tí yóò sọ pé òun mọ̀ ọ́n? Bí o bá máa kọ ọ́, dárúkọ rẹ̀. Kamaldeen Àjàní. Sọ ìlú rẹ̀, sọ iṣẹ́ rẹ̀, sọ bó ṣe rí, kí ẹni tó bá rí i lè jẹ́rìí."

Ọ̀sẹ̀ kan ni wọ́n fi ṣe ẹsẹ̀ tuntun náà, ìyá lórí àpótí nínú ṣọ́ọ̀bù, Nabilah nídìí máṣíìnì. Kò sí olóòtú tó le bí obìnrin yẹn. Nabilah kọ ọ́ pé ọmọ pupa ni. "Ó dúdú. Bàbá rẹ̀ ló jọ." Nabilah kọ ọ́ pé ó máa ń rẹ́rìn-ín. "Ta ni kì í rẹ́rìn-ín? Sọ pé ó máa ń fi ọwọ́ bo ẹnu bó bá ń rẹ́rìn-ín." Ohun kan ṣoṣo ló ní kí wọ́n fi pamọ́: ohun tí Kàmál kì í jẹ. Ìyẹn ni òun yóò fi dán ẹni tó bá pè pé òun mọ̀ ọ́n wò.

Nígbà tí Ṣèyífúnmi gbọ́ ẹsẹ̀ tuntun náà lórí fóònù, ó ní: "Àǹtí Nabilah, ẹ má bínú. Èyí kì í ṣe orin mọ́, ìkéde ni. Àwọn èèyàn ń bọ̀ láti wá sunkún. Ẹsẹ̀ ìparí ti tẹ́lẹ̀ yẹn ni mo fi polówó yín. Bí ẹ bá yí i padà, mi ò lè ṣèlérí pé ẹ ó tún gun pèpéle mi."

"Mo gbọ́ yín," ni Nabilah wí. Òun fúnra rẹ̀ kò mọ ohun tó ní lọ́kàn.

Binta gbà láti bá a lọ. Ó kan sọ pé, "Ibi tí mo bá ti gbọ́ yanrìn, ibẹ̀ ni n ó ti dákẹ́."

Gbọ̀ngàn Abuja kún fọ́fọ́. Iná orí pèpéle gbóná lójú Nabilah débi pé kò rí ojú ẹnikẹ́ni, èémí wọn nìkan ló ń gbọ́. Ó kọ ẹsẹ̀ kìíní, wọ́n bá a kọ ọ́. Ó kọ ẹ̀kejì. Nígbà tí ègbè parí, kí ó tó la ẹnu, gbọ̀ngàn náà ti ṣíwájú rẹ̀: *Ẹ gbé abọ́ kejì kúrò nílẹ̀, Ìyá.* Igba ohùn, ọ̀ọ́dúnrún ohùn, tí ń fi ìfẹ́ sin ọmọ ọlọ́mọ. Igbá Binta dákẹ́. Nabilah mọ̀ pé tí òun bá dara pọ̀ mọ́ wọn, ó parí, òun ti di ńlá lálẹ́ ọjọ́ náà. Ó gbé ọwọ́ rẹ̀ sókè.

Wọn kò tètè rí i. Wọ́n kọ ọ́ dé ìlà kẹta, lẹ́yìn náà ni ohùn bẹ̀rẹ̀ sí í já sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, títí ẹnìkan ṣoṣo fi kù lẹ́yìn, tí òun náà sì tijú dákẹ́.

"Ọmọ náà lórúkọ," ni Nabilah wí. Ó sì mú un sẹ́nu láìsí ìlù:

*Kamaldeen Àjàní ni mò ń bèèrè,*
*wẹ́dà, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ọmọ Kofar Rini;*
*adúmáadán tí í fi ọwọ́ bo ẹ̀rín.*
*Bí ẹ bá ti bá a jẹun rí,*
*ẹ wí fún ìyá rẹ̀.*

Nígbà tó tún un kọ, igbá Binta wọlé sábẹ́ rẹ̀. Nabilah ka nọ́ńbà fóònù ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó sì kúrò lórí pèpéle. Àwọn kan pàtẹ́wọ́. Àwọn kan ń kùn. Ṣèyífúnmi dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ ìkélé, kò sì wo ojú rẹ̀ nígbà tó kọjá.

"Ó tán," ni Nabilah wí fún Binta bí wọ́n ṣe ń da omi ọpọ́n nù. "Ọdún mẹ́jọ, ó tán."

Kò tán. Ẹnìkan ti gba gbogbo rẹ̀ sórí fóònù, àti ibi tí ohùn àwọn èèyàn ti já sílẹ̀, àti ibi tí ó ti dárúkọ. Nígbà tí wọ́n fi dé Sokoto, èyí ti rìn jìnnà ju ti àkọ́kọ́ lọ. Àwọn kan yìn ín. Àwọn kan bú u pé ó ń fi ẹkún obìnrin ṣe ọjà. Nabilah ka èébú náà ju ìyìn lọ, torí ó mọ̀ pé òótọ́ díẹ̀ wà nínú rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni fóònù bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Lójoojúmọ́, bí wọ́n bá ti kírun Àsárì tán, Ìyá Kàmál á wá jókòó sí ṣọ́ọ̀bù láti dá àwọn tó ń pè lóhùn fúnra rẹ̀. Ẹnìkan ní òun ni Kàmál, òun wà lẹ́wọ̀n, kí wọ́n tètè fi owó ránṣẹ́. Ẹnìkan ní òun rí i lójú àlá. Ìyá Kàmál á tẹ́tí gbọ́ wọn tán, á sì bi wọ́n: "Kí ni kì í jẹ?" Àwọn kan á pa fóònù. Ọ̀kan ní ẹlẹ́dẹ̀. "Mùsùlùmí wo ló ń jẹ ẹ́?" ni Ìyá Kàmál dá a lóhùn, ó sì pa fóònù fúnra rẹ̀. Gbogbo ìgbà tí fóònù bá dún ni ẹsẹ̀ Nabilah máa ń dúró lórí máṣíìnì. Ó rí bí ìyá náà ti ń rù sí i, ó sì ń bi ara rẹ̀ bóyá ìrora tuntun ni òun tún fi kún ti àtijọ́.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ọkùnrin kan pè láti Ṣakí, ó ní Tàjúdíìn lorúkọ òun.

"Kí ni kì í jẹ?" ni Ìyá Kàmál bi í, ó ti rẹ̀ ẹ́.

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ẹ̀wà ni, Mà. Yàrá kan náà la jọ gbé ní Agadez. Ẹ̀wà ni oúnjẹ tó pọ̀ jù níbẹ̀, ebi fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á kú."

Nabilah rí i tí Ìyá Kàmál fi ọwọ́ kejì di fóònù mú. Tàjúdíìn sọ ọ́ bó ṣe mọ̀ ọ́n: ọdún kẹrin rèé tí wọ́n ti pínyà. Kàmál kò lọ sí Libya mọ́. Ó tẹ̀lé àwọn tó ń kọ́lé lọ sí Algeria. Wọ́n ti jí fóònù rẹ̀ tipẹ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyẹn nìkan ni kò jẹ́ kó pe ilé. "Ó ní òun ò ní pè títí òun á fi ní nǹkan gidi tí òun á sọ fún yín."

"Òmùgọ̀," ni Ìyá Kàmál wí. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀, ó sì ń bínú. "Nígbà tí ẹ pínyà, ṣé ó ń jẹun? Ṣé ara rẹ̀ le?"

"Ara rẹ̀ le, Mà. Ó tilẹ̀ sanra jù mí lọ."

Ó gbé fóònù sórí tábìlì. Ó ní kí Nabilah bu omi fún òun kí òun ṣe àlùwàlá. Nabilah bu omi. Ó mọ̀ pé ọdún mẹ́rin kì í ṣe àná, àti pé kò sẹ́ni tó lè sọ ohun tó ti ṣẹlẹ̀ láti ìgbà náà. Ìyá Kàmál náà mọ̀.

Ọdún kan ti kọjá báyìí. Wọn kò tíì rí Kàmál, ìpè ṣì ń wọlé, Tàjúdíìn sì ti ránṣẹ́ sí ẹni tó mọ̀ ní Algeria. Nabilah ti kọrin ní Ìlọrin, ní Ìbàdàn, àti láàárín àwọn Yorùbá tó wà ní Niamey. Ilé-iṣẹ́ méjì ti mú ìwé àdéhùn wá bá a. Ó bi wọ́n bóyá wọ́n lè yí ìparí orin òun padà láìbi òun, wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni, ó sì dá ìwé náà padà fún wọn. Ṣèyífúnmi náà ti tún pè, ohùn rẹ̀ rọ̀. Ìyá Kàmál kò tíì gbọ́ orin náà tán rí. Bí rédíò bá ti mú un sẹ́nu, á pa á. Ṣùgbọ́n bí Nabilah bá ti ìrìn àjò dé, á bi í pé èèyàn mélòó ló wá.

Láti ìgbà náà, Nabilah kò ṣe orin nípa ẹnikẹ́ni láìkọ́kọ́ kọ ọ́ sí onítọ̀hún létí. Orin rere méjì ló ti sọ nù lọ́nà bẹ́ẹ̀. Lóṣù tó kọjá, Olúbùsọ́lá, olùkọ́ kan ní yunifásítì tí ọkọ rẹ̀ kọ̀ sílẹ̀, jókòó nínú ṣọ́ọ̀bù, ó gbọ́ orin tí Nabilah ṣe nípa rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ó ní ó dùn púpọ̀, ó sì ní kí ó má kọ ọ́ níbì kankan. Nabilah fa ìwé tó kọ orin náà sí ya lójú rẹ̀.

Nígbà tí obìnrin náà lọ tán, Binta ní nínú gbogbo orin tí àwọn ti ṣe, kò sí èyí tó dára tó ìyẹn. Nabilah ní òun mọ̀. Ó tẹ́ aṣọ tó kàn sórí tábìlì, ó mú ṣọ́ọ̀kì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fa ìlà.